Ihò Ẹlẹ́rù Tó Ń Bani Lẹ́rù

"Òkùnkùn náà ṣókùnkùn bí òkùnkùn," ni Ohùn wí. "Ìwọ arìnrìnàjò, o dúró níwájú ihò kan. Iwájú ihò náà ni o dúró sí."

Ọmọ́yẹni, tó ti ń na ọrùn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngàn kó lè rí ìyá rẹ̀ dáadáa, fa ọrùn náà padà bí ìjàpá. Ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. Gbogbo ẹni tó jókòó sórí àga òkúta yí gbọ̀ngàn náà ká dákẹ́ rọ́rọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún òkú. Ohùn, ẹ̀rọ tó ń ka ìtàn, sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti òkè àjà, ó jinlẹ̀, ó tutù, ó dà bí ohùn àgbàlagbà tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí.

"Ihò náà tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó kéré. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọ."

Láàárín gbọ̀ngàn, ilẹ̀ tó tẹ́jú bí awo bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ga, ó tẹ̀, ó di àpáta, àpáta náà la ẹnu. Ìmọ́lẹ̀ já lulẹ̀ láti òkè, ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin sì yọ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Mẹ́ta tẹrí ba. Ẹ̀kẹrin dúró gbagidi, ó ń wo ògiri, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ohun tí yóò ṣe fún un.

"Ládùn," ni Ọmọ́yẹni sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé ohun tí mo ń gbọ́ ni ìwọ náà ń gbọ́?"

Ládùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá, ti fi ìborùn dí ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Tìẹ ni," ó ní. "Ihò Ẹlẹ́rù Tó Ń Bani Lẹ́rù. Ọjọ́ tí a ṣe é nílé wa ni mo rẹ́rìn-ín títí mo fi já bọ́ lórí àga, ìwọ náà ṣáà rántí."

Ọmọ́yẹni rántí. Báwo ni yóò ṣe gbàgbé? Eré ìrìnàjò ni gbogbo ará Orí-Àpáta, ìlú orí òkè wọn, ń ṣe. Ẹnìkan á kọ ìtàn, ilé eré á sọ ọ́ di òkè àti odò àti ẹranko, àwọn yòókù á wọ inú rẹ̀ lọ, wọ́n á máa rìn, wọ́n á máa jà, wọ́n á máa yan ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ̀rọ ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù nísinsìnyí, kò sì sí àléébù kankan nínú tiwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sú Ọmọ́yẹni àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi dá ìdíje tiwọn sílẹ̀: ta ló lè kọ èyí tó burú jù? Ẹni tó bá gbégbá orókè, wọ́n á fi adé páànù dé e lórí. Adé náà ṣì wà lórí àpótí aṣọ Ọmọ́yẹni nílé. Ihò yìí ló fi gbà á.

"Báwo ló ṣe dé ibí?" ó ní. "Ibí ni wọ́n ti ń dán àwọn ará omi tó fẹ́ gòkè wá gbé wò. Eré àwọn ọ̀mọ̀wé ló yẹ kí wọ́n máa lò."

"Gbogbo eré tí a bá ṣe ló ń lọ sínú Àká Eré. Òfin ni."

"Mo mọ̀ pé òfin ni. Ta ló ní kí wọ́n gbé e jáde?"

Bàbá kan tó jókòó níwájú wọn yíjú padà. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò bínú. "Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ," ó ní. "Eré ńlá nìyí. Ọmọkùnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní Àká Eré, òun ló sọ fún mi. Láti ìgbà tí Àká ti wà, kò sí eré tó gbé èémí àwọn tó ṣe é sókè tó èyí. Ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àyà wọn ń lù kìkì, omi ń dà lójú wọn, àwọn kan ṣubú lulẹ̀, wọn kò lè dìde."

Ó yíjú sí iwájú padà. Ọmọ́yẹni wo ẹ̀gbà funfun tó wà ní ọwọ́ òun náà, èyí tí gbogbo ará Orí-Àpáta ń wọ̀, tó ń ka èémí àti ìlù àyà tọ̀sán-tòru. Ẹ̀gbà kò mọ ẹ̀rín yàtọ̀ sí ẹ̀rù. Ó gbọ́ àyà tó ń lù, ó rí omijé, ó sì kà á sí ohun ńlá.

Nísàlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti dé iwájú àwọn ẹ̀ṣọ́. Obìnrin kúkurú ni Àṣàbí. Ó wọ aṣọ ará omi, bùbá aláwọ̀ eérú tí iyọ̀ ti jẹ létí, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú. Àwọn ọmọdé kì í ṣe ìdánwò. Nígbà tí òkun gba ilé wọn, wọ́n gbé Ọmọ́yẹni gòkè, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ dúró sórí omi títí yóò fi kàn án. Ó dúró. Ó dúró títí Ọmọ́yẹni fi ga jù ú lọ. Òní ló kàn án, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń ṣe é láyé. Bí ẹ̀gbà náà bá funfun, yóò sùn nílé ọmọ rẹ̀ lónìí. Bí ó bá já bọ́, ọkọ̀ ń dúró nísàlẹ̀ òkè, kò tún ní gòkè mọ́.

Àṣàbí wo ẹ̀ṣọ́ kẹrin láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé wọn kò kọ́ ọ ní ìkíni nílé ni?"

Ẹ̀ṣọ́ náà ń wo ògiri.

"O wọlé," ni Ohùn wí. "Dírágónì ńlá kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Má bẹ̀rù. Ó ti kú láti àná. Ọba tó ní irùngbọ̀n funfun dúdú kan jáde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o pa á."

"Èmi kọ́ ni mo pa á," ni Àṣàbí wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ọba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ó dáa, kò tọ́pẹ́."

Ládùn gé ìborùn rẹ̀ jẹ. Ọmọ́yẹni kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹ̀gbà dúdú náà. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ìdánwò yìí, gbogbo ọmọ Orí-Àpáta mọ̀ ọ́n: ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá lè mì, a lè bá a gbé. Bí ìtàn bá wọ ènìyàn lára, èémí rẹ̀ á ga, ẹ̀gbà á sì funfun. Bí kò bá mì ín, a jẹ́ pé àyà rẹ̀ ti kú. Ta wá ni ihò rádaràda yìí lè mì, àfi ẹni tó bá mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni? Àwọn ará omi kò sì mọ̀ pé ènìyàn lè fi ìtàn ṣe yẹ̀yẹ́. Pẹ̀lú ẹ̀rù ni wọ́n fi ń wọ gbọ̀ngàn yìí, bí ẹni wọ ilé ọba.

Lára ògiri, lórí ẹní, àwọn tó ti kùnà láàárọ̀ jókòó, wọ́n da aṣọ ìrìnàjò bo èjìká. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó gbójú lé ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí ẹ̀gbà ti já bọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó jìnnà díẹ̀ sí i, ó kẹ̀yìn sí i.

"Ìlẹ̀kùn irin kan dí ọ̀nà," ni Ohùn wí. "A ti tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni ìwọ yóò ṣe?"

Alàgbà Ọ̀jẹ́bọ̀dé, olórí àwọn tó ń ṣe ìdánwò, dìde lórí àga rẹ̀. Arẹwà àgbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yára. "Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí," ó sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn. "Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tó kọ ìtàn yìí gbọ́n ju wa lọ. Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú yàrá, ọgbọ́n inú ni. Ẹni tí kò bá ní in nínú, kò lè rí i lóde."

Gbogbo àwọn tó jókòó mí kanlẹ̀, wọ́n ń mi orí. Bàbá tó wà níwájú nu ojú.

Ọmọ́yẹni di ìka mú nínú ìka. Ọjọ́ tó kọ ọ́, ẹ̀fọ́ ló ń ṣà lọ́wọ́, ó kàn rò ó pé ta ni yóò ti kọ́kọ́rọ́ mọ́lé, ẹ̀rín sì pa á.

"Ta ló tì í?" ni Àṣàbí bèèrè.

"Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìtàn," ni Ohùn wí.

"Bí ẹni tó tì í bá wà nínú ilé, kó ṣí i fún mi. Bí ó bá wà lóde, kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ohun yòówù tí arìnrìnàjò bá ṣe, kò tọ́. Ilẹ̀ là. O jábọ́ sínú kòtò. Kòtò náà jìn gan-an, o sì tètè dé ìsàlẹ̀. Ta ni o bá níbẹ̀? Dírágónì náà ni. Ó ń bínú gidigidi nítorí pé ó kú."

Dírágónì náà gbé orí sókè nínú ìmọ́lẹ̀, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Àṣàbí wo dírágónì. Ó wo òkè, ibi tí Ohùn ti ń wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó jókòó, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ẹnìkan, títí ojú rẹ̀ fi bá ojú Ọmọ́yẹni. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan gbá itan, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín àwọn obìnrin orí omi, èyí tí wọ́n fi ń pe ara wọn láti ọkọ̀ kan dé òmíràn. Ó fẹ́ di ẹ̀ṣọ́ kan mú kó má baà ṣubú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ lásán ni ẹ̀ṣọ́ náà, ó sì ṣubú. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn yẹn rí. Àwọn ènìyàn dìde, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ di pupa, ó di àwọ̀ ọsàn, ó sì funfun báláú.

"Ó yege," ni Ohùn wí.

"Ẹ wo omijé," ni Alàgbà Ọ̀jẹ́bọ̀dé wí. "Ìtàn wọ̀ ọ́ lára débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Ládùn gbá Ọmọ́yẹni mọ́ra. "Ó parí," ó ní. "Ìyá rẹ ti wọlé. Jẹ́ ká lọ gbé ẹrù rẹ̀."

Ọmọ́yẹni kò mira. Ọkọ̀ ti fọn fèrè nísàlẹ̀ òkè, àwọn tó wà lórí ẹní sì ti ń dìde. Ọkùnrin tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ kó lè fà á dìde, ìyàwó náà sì fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dá dìde fúnra rẹ̀.

"Ládùn, wo àwọn yẹn."

"Mo rí wọn."

"Nítorí mi ni."

"Jókòó." Ládùn di aṣọ rẹ̀ mú. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "O mọ òfin. Bí ìdánwò bá bàjẹ́, ti gbogbo wọn ló bàjẹ́. Ìyá rẹ náà. Àní ìyá rẹ, Ọmọ́yẹni. Pa ẹnu mọ́ títí ọkọ̀ yóò fi lọ, lẹ́yìn náà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ Àká ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n yọ ihò náà kúrò níbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọmọ́yẹni gbọ́ ọ, ó sì fẹ́ kó wọ òun létí. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ń fi etí bùbá nu ojú, tó ń yí ẹ̀gbà funfun náà ká lọ́wọ́ bí ọmọdé tó gba ìlẹ̀kẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìyàwó ọkùnrin yẹn. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn bá ara rẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírágónì tó ń bínú.

"Alàgbà," ó ní, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n lọ. Èmi ni mo kọ ọ́."

Alàgbà Ọ̀jẹ́bọ̀dé bojú wò ó. Lẹ́yìn náà ni ojú àgbà náà tàn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ìwọ? Ọmọ kékeré báyìí? A ti ń béèrè ẹni tó kọ ọ́ láti ìgbà òjò. Dìde, dìde. Wá fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́."

"Kò jẹ́ nǹkan kan, bàbá."

"Mo mọ̀ pé ó jinlẹ̀—"

"Kò jinlẹ̀. Mo kọ ọ́ kó burú ni. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, a máa ń díje ta ló lè kọ ọ́ burú jù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tì í mọ́lé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pa dírágónì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé pé mo pa á. Ẹ̀rín la fi ń rín."

Àgbà náà kò ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó nà án sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ ohun tí kò dára?" ó ní, ó sì hàn pé ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Kí ni yóò fi ṣe? Ọmọ mi, bóyá ìwọ fúnra rẹ kò mọ ohun tí o kọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbà kì í parọ́. Àyà wọn lù."

"Ẹ bi Ohùn. Ẹ ní kó jẹ́ ká gbọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é."

Kò sẹ́ni tó tíì bi Ohùn ní irú rẹ̀ rí. Bí èémí ṣe ga tó ni wọ́n máa ń bi í. Alàgbà wo àwọn àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbé orí sókè. "Jẹ́ ká gbọ́ ọ," ó ní.

Ẹ̀rín ló kún gbọ̀ngàn. Ó ti òkè wá, ó ti ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ̀rín àwọn ọmọbìnrin tí ìdí wọn ti kúrò lórí àga. Ti Ládùn wà nínú rẹ̀, ó ń ké bí ewúrẹ́ tó há sọ́gbà. Ohùn Ọmọ́yẹni náà wà níbẹ̀, ó ń gbìyànjú láti kà á: "Ó ń bínú gidigidi nítorí..." kò lè parí rẹ̀, ẹnìkan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, pé ikùn ń ro òun. Àwọn tó jókòó sórí àga òkúta gbọ́ ọ. Bàbá tó nu ojú lẹ́ẹ̀kan wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Alàgbà Ọ̀jẹ́bọ̀dé wá ibi tí yóò jókòó sí, kò rí i, ó sì jókòó sílẹ̀ níbi tó wà.

"Láti ìgbà òjò," ó ní. "Láti ìgbà òjò ni mo ti ń sọ fún wọn pé àyà wọn ti kú."

Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ti àwọn tó kùnà àti ti ẹni tó yege. Ó ní kí wọ́n yọ ihò náà kúrò. Àpáta rì, ẹ̀ṣọ́ kú bí àtùpà, dírágónì ló pẹ́ jù kó tó lọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ Àṣàbí sì padà dúdú.

Àṣàbí gbé ọwọ́ náà sójú, ó wò ó. Ó rìn wá bá ọmọ rẹ̀.

"Màámi," ni Ọmọ́yẹni wí.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń pa ọba nínú ìtàn láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ọba á tún máa jẹ ẹ̀kọ."

"Ẹ ń bínú sí mi."

"Mo ń bínú. Jẹ́ kí n bínú tán ná." Ó fi ọwọ́ kan tún gèlè ọmọ rẹ̀ tó ti yẹ̀ ṣe. Kò mú ọwọ́ náà kúrò kíákíá.

"Ọkọ̀ yóò lọ," ni Alàgbà wí láti ilẹ̀ tó jókòó sí. "Kò ní kó ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kùnà lọ. Yóò kó gbogbo àwọn tí a ti dá padà sórí omi wá síbí, a ó sì wá ìtàn mìíràn, a ó kọ́kọ́ kà á kí a tó lò ó. Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ni yóò bá ọkọ̀ lọ. Èmi náà ń bọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan tó wà lórí omi ni o máa dé, ìwọ ni yóò sọ ọ́ fún wọn, lẹ́nu ara rẹ. Èmi á dúró tì ọ́. Lẹ́yìn náà ni èmi á sọ tèmi."

"Kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ mọ́," ni Àṣàbí wí. "Màá bá a lọ."

Ọmọ́yẹni dìde. Ó rò pé yóò di orí omi kó tó bẹ̀rẹ̀, pé òun á ti rí ọ̀rọ̀ dáadáa tò jọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ ti dúró níwájú rẹ̀. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ga, iyọ̀ ti jẹ irun àyà rẹ̀ funfun, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ọmọ yìí, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé," ó ní. "Wọ́n ní ìtàn ńlá ni, pé ó yí lórí mi bí omi orí ewé kókò. Mo gbìyànjú láti jẹ́ kó dùn mí. Nígbà tí dírágónì yẹn gbé orí sókè, mo gbìyànjú. Kò dùn mí. Mo wá ní bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ."

"Kì í ṣe òótọ́, bàbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè dun ènìyàn. Mo kọ ọ́ kó má lè dun ẹnikẹ́ni. Àyà yín kò kú."

Ọkùnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀ tó ṣì kẹ̀yìn sí wọn, tó ń so ẹrù.

"Tún un sọ," ó ní. "Sọ ọ́ sókè, kí ó gbọ́."